Sapa ni ọ̀tá, àwa ni akọni: ṣé irú àwàdà yìí ń ran ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Àwa tí a jọ sìnlú lọ́dún kan náà ní gbọ́úpù WhatsApp kan. Ó ti pẹ́ tí gbọ́úpù náà ti kú. Ìtìjú ló pa á. Ẹni tó ríṣẹ́ kì í sọ, kí wọ́n má baà ní ó ń ṣe fáàrí. Ẹni tí kò rí, ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Àfi "Ẹ kú ọdún" lọ́dọọdún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wa kọ èyí síbẹ̀ nípa Sapa, ìyẹn àìlówó lọ́wọ́:

"Superman fò wá sí Òṣòdì, ó ní òun wá bá Sapa jà. Kó tó balẹ̀, agbèrò ti gbá a létí aṣọ mú: 'Owó lóòdù dà?' Ó ní òun kì í ṣe mọ́tò. Agbèrò ní, 'Ṣé o ò fò ni? Owó bàálù la máa gbà lọ́wọ́ ẹ.' Kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, Sapa ti yọ́ kẹ́lẹ́ wá sẹ́yìn, ó bọ́ aṣọ pupa ọrùn rẹ̀, ó ti lọ tà á ní ọjà Katangowa."

Ẹ̀rín sọ! Bí kálukú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ joyè akọni nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìwó Road dé Dùgbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá di Ẹsẹ̀ Irin. Ọmọbìnrin tó lè fi dẹ́ríkà ẹ̀wà kan bọ́ agboolé di Aṣẹ̀wà-má-tán. Wọ́n kọ oríkì fún Sapa pàápàá: "Sapa, a-dáni-mọ̀-kówó-oṣù-tó-wọlé, a-jẹun-ẹni-má-fọwo, ọlọ́tẹ̀ tí kì í sinmi lọ́jọ́ Àìkú."

Àárín eré yẹn ni Ẹsẹ̀ Irin ti kọ ọ́ jáde pé láti ìgbà tí iléèwé tí òun ń kọ́mọ ti dá òun dúró, òun kò tí ì sọ fún ìyá òun. Òun máa ń múra jáde láàárọ̀ bíi ẹni ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Kíá ni ẹlòmíràn ní, "Èmi náà nìyẹn." Ẹlòmíràn tún dáhùn.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé tí a bá ti fi Sapa ṣe ọ̀tá tó dúró síta, ẹni tí kò níṣẹ́ kò ní máa rò pé òun gan-an ni ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kà á, ó ní a ń fi ìyà ṣeré. Ẹ gbà mí níyànjú, kí lẹ rò?

Akin_Agége:
Àbẹ̀kẹ́, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ máa kọ ọ́ lọ. Mo fẹ́ràn ìwé alákọni wọ̀nyẹn láti kékeré, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé àwọn tó kọ wọ́n mọ ìyà dáadáa. Ẹ wo Spider-Man. 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Lọ́dún kejì, nínú ìwé àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti tirẹ̀, arákùnrin bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ ti kú, kò sí owó ilé nílẹ̀. Ọmọ yìí lọ ṣeré fún àwọn èèyàn, wọ́n sì fún un ní sọ̀wédowó tí wọ́n kọ Spider-Man sí. Ó gbé e dé báńkì. Akọ̀wé báńkì ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá! Spider-Man ní ṣé aṣọ tó wà lọ́rùn òun kò tó ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè wọ aṣọ bẹ́ẹ̀.

Kò tíì tán o. Ó tún lọ bá ẹgbẹ́ akọni mẹ́rin kan tí wọ́n ń pè ní Fantastic Four, ó rò pé owó oṣù wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í san owó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tò síwájú báńkì nítorí pé lẹ́tà kan yàtọ̀ láàárín orúkọ inú NIN àti ti inú BVN yín, ẹ sọ fún mi bóyá ọmọ Agége kọ́ ni Spider-Man. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn olówó inú wọn lọ. Ó lè gun ògiri, kò lè san owó ilé, ó sì tún jáde lọ́jọ́ kejì.

Alàgbà_Ṣakí:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. N kò bínú sí ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àwọn bàbá wa ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́.

Ta ni Sapa? Sapa kò lójú, kò nímú, kò ní àdírẹ́sì. Àwọn nǹkan tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín ní ọjọ́, ó sì ní ọwọ́ tó ṣe é. Ní 29 May 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦600 kí oṣù July ọdún yẹn tó parí. Ní June ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 nígbà tó máa fi di ọdún kejì. Ní August 2023, ilé iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Ní December, Procter & Gamble ní àwọn ò ní ṣe ọjà níbí mọ́, pé wọn yóò máa kó o wọlé ni. Ẹ bá mi ṣírò àwọn awakọ̀, àwọn olùṣọ́, àwọn olóúnjẹ tó gbára lé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dá èmi náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé ní 1986. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ń gbọ́ ẹ̀rín wa, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí fún yín nìyẹn. Tí a bá kó gbogbo ẹ̀bi lé iwin kan lórí, ẹni tó ṣe é yóò sùn dáadáa.

Ọmọ_Ìmẹ̀kọ:
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán wa létí nǹkan kan tí kì í ṣe tòkèèrè. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Kétu, Ẹ̀fẹ̀, akọrin oníbòjú, máa ń jáde lóru kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án. Èèyàn á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ yóò fi máa dùn wọ́n. Síbẹ̀, abẹ́ ẹ̀rín yẹn ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń sọ ẹni tó jí owó ìlú, ẹni tó fi ipò rẹ̀ yan ni jẹ, ìjòyè tó gba rìbá. Ó ń sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá náà sì jókòó síbẹ̀. Ọba kì í pọ̀kọrin. Torí irú nǹkan báyìí ni UNESCO ṣe ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2001, Bẹ́nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín bíi ti Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí Ẹsẹ̀ Irin rìn kọjá Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó dé Sẹkitéríàtì, kó béèrè ìbéèrè níbẹ̀.

Ayàwòrán_Òṣogbo:
Ìmẹ̀kọ, o ti já ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà. Iṣẹ́ yíyàwòrán ni mò ń ṣe, mo sì máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, nítorí Superman gan-an, ọmọ àìríṣẹ́ṣe ni.

Ìlú Cleveland ní Ohio ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lẹ́yìn 1929. Nígbà tó di 1933, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kò níṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, ọmọ Júù, tí wọ́n jọ lọ sí iléèwé girama kan náà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, wà nílé láìríṣẹ́ gidi. Bàbá Siegel ti kú ní 1932 nígbà tí àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Shuster kì í rí owó ra ìwé ìyàwòrán, ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti lò ló ń yà á sí. Àwọn méjèèjì kó iṣẹ́ wọn kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ ìròyìn ń dá a padà. Ní 1938 ni ẹnì kan gbà á, ìwé tí wọ́n gbé e sí sì jáde ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá.

Bàbá Ṣakí, ibi tó kàn yín rèé. Ẹ mọ ẹni tí Superman àkọ́kọ́ yẹn ń bá jà? Kì í ṣe iwin, kì í ṣe ẹ̀dá láti ojú ọ̀run. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ó mú ọkùnrin kan tó ń na ìyàwó rẹ̀, ó tún lọ sí Washington lọ gbá ẹnì kan mú tó ń fi owó ra sẹ́nétọ̀. Kò pẹ́ sí i, nínú ìwé kẹta, ó múra bí awakùsà, ó sì ti ọ̀gá tó ni ibi ìwakùsà mọ́ inú ihò tirẹ̀, òun àti àwọn olówó tó pè sí àríyá, títí ọ̀gá náà fi gbà pé ihò yẹn kò dára fún èèyàn láti ṣiṣẹ́. Nínú ìwé mìíràn, ó wó àwọn ilé jẹgẹjẹgẹ tí tálákà ń gbé palẹ̀ kí ìjọba lè kọ́ tuntun fún wọn. Ọ̀gá burúkú, láńlọ́ọ̀dù burúkú, olóṣèlú burúkú: àwọn tí ọ̀dọ́ Cleveland tí kò níṣẹ́ lè nawọ́ sí nìyẹn. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń bá ẹ̀dá abàmì jà.

Nítorí náà, èmi gbà pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́, mo sì gbà pẹ̀lú Alàgbà. Ẹ máa pa Sapa lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ọ̀gá. Ẹ béèrè ẹni tó ń rán an níṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú:
Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná, mo kàn ń mi orí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé.

Ọkọ mi ni aláwàdà àdúgbò wa. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti lé e, àwàdà rẹ̀ ti di méjì. Níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, òun ni Batman, òun ni Hulk, ó ń fi iye tí gààrí di pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á máa na mọ́ra wọn. Tó bá wọlé tán, kò ní sọ gbólóhùn kan. Ó máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe Hulk fún àwọn, á ní kí wọ́n lọ sùn. Àwọn tó ń pè é ní aláwàdà kò mọ̀ pé kì í jẹun alẹ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣeré. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ máa wo ojú ẹni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ń gbé jáde, ṣé ó ń kù díẹ̀ sílé fún òun náà?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí títí dé ọkàn.

Ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wa bẹ́ẹ̀ ní gbọ́úpù. Ẹnì kan kọ ìtàn tí akọni rẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú títì, tó ní kí Sapa kúkú wá parí òun. Àwọn kan fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Aṣẹ̀wà-má-tán kò rẹ́rìn-ín. Ó pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Ìtàn ni o kọ ni, àbí ìwọ ni?" Wọ́n wà lórí fóònù títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, a ti fi í ṣe òfin: nínú ìtàn tiwa, akọni lè pàdánù, ó lè sá, ebi lè pa á, ṣùgbọ́n a kì í fi ara ẹni ṣe ohun tí Sapa ń pa jẹ. Ẹni tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè é kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Ní ti bàbá àwọn ìbejì, ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá jẹun, tí kò sùn, tí kò sọ̀rọ̀, tó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ dókítà ti wọ̀ ọ́. Kì í ṣe wèrè ni wọ́n ń pe ẹni tó bá lọ. Ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní Ìbàdàn níbí, ilé ìwòsàn Árò wà ní Abẹ́òkúta, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ńlá ní Èkó náà ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ jáde rí pé ayé ti sú òun, ẹ má dúró de ọ̀la.

Dèjì_Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n fi tòkè òkun kún un ní ṣókí. Lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, gbogbo ẹni tó wà ní London ni Batman: wọ́n rò pé ogún wà nílẹ̀, pé kálukú ní ilé ńlá àti ọkọ̀ dúdú. Mo mọ ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba ibẹ̀, tí wọ́n sì ń retí kó máa fi wákàtí tó tó 35 wáṣẹ́ lọ́sẹ̀, síbẹ̀ tó ń yáwó ránṣẹ́ sílé nítorí kò lè sọ. Ìtìjú kan náà ni. Èmi ti sọ fún àwọn tèmi pé Batman ti ta ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní, "Dèjì, ṣé kò sí nǹkan?" Ìgbà yẹn la tó sọ òtítọ́. Ká ní mo kàn sọ ọ́ gbẹrẹfu ni, n kò rò pé n bá rí ẹnu sọ ọ́.

Olùkọ́_Ìṣirò:
Ẹ ní kí a fún Sapa ní ọ̀gá. Èmi mú akọni kan wá: Ọkùnrin Wákàtí Kan.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti rí i. Ní oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2020, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ní 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023, wọ́n ní 4.1 ni. Ìlànà ìṣirò ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Nínú tuntun, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, oníṣẹ́ ni. Irọ́ kọ́ o: ìlànà àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ni, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń lò ó, àti pé ìwé NBS yẹn kan náà fi hàn pé ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ lọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń ṣe. Ẹni bá ka ìwé náà dópin yóò rí ìyà. Àwọn tó gbé 4.1 nìkan sórí afẹ́fẹ́ kò kà á dópin.

Ìtàn tèmi: Ọkùnrin Wákàtí Kan bá ìyá rẹ̀ gbé ẹrù lọ́jà láàárọ̀ Monday, ìyá fún un ní ₦500. Ó gbé ọwọ́ sókè, iná tàn, gbogbo aláìníṣẹ́ àdúgbò pòórá nínú ìwé! Ní Tuesday, ebi tún kó gbogbo wọn jọ síwájú ilé rẹ̀.

Alàgbà_Ṣakí:
Olùkọ́, o pa mí lẹ́rìn-ín lónìí, kò sì sí ìbẹ̀rù nínú ẹ̀rín yìí, nítorí mo mọ ibi tí ó ń tọ́ka sí. Irú èyí ni mò ń wá. Ìyá Ìbejì, mo ń gbàdúrà fún bàbá wọn. Ẹ sọ fún un pé àgbà kan ní Ṣakí tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ rí fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. N kò ní wàásù fún un.

Ẹ̀yin ọmọ, ìkìlọ̀ kan ló kù. Ayàwòrán kò sọ ìdajì ìtàn yẹn. Àwọn ọmọ Cleveland méjì wọ̀nyẹn gba dọ́là 130, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé tó kó Superman lọ pátápátá. Wọ́n ṣẹjọ́, kò bọ́ sí i. Ọjọ́ ogbó dé, ojú Shuster ti ń fọ́, Siegel ń ṣe akọ̀wé, nígbà tí ẹlòmíràn ń rí mílíọ̀nù. Àfìgbà tí wọ́n pariwo ní 1975 ni ilé iṣẹ́ náà gbà láti máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní dọ́là 20,000 lọ́dún, tí orúkọ wọn sì padà sí i. Nílé níbí, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín, ẹ bi àwọn àgbà ohun tí àwọn tó ń ṣe ayédèrú fi fíìmù rẹ̀ ti 1982 ṣe. Gbèsè ló bá a.

Tí àwàdà yín bá máa di skit, tó bá máa di owó, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dá sí i sílẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé lọ́yà kà á.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni sà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí. Kò fèsì, ṣùgbọ́n ó ní kí n tún un kà.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá:
Bàbá, ẹ kú àfiyèsí. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yín sí gbọ́úpù, a sì ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ lónìí. Ẹsẹ̀ Irin ní kí n sọ fún yín pé òun ti sọ fún ìyá òun. Màmá ní òun ti mọ̀ tipẹ́, bàtà ló tú u fó.

Ayàwòrán Òṣogbo, tí ẹ bá ráyè, a nílò ojú fún ọ̀gá Sapa. Kó wọ agbádá, kó ní báàgì ìwé lápá, kó má sì jọ ẹnì kankan jù, kí wọ́n má lọ gbé wa. Olùkọ́ Ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ apá kejì Ọkùnrin Wákàtí Kan. Àwọn ará ibí ń bi mí pé kí ló ṣe ní Wednesday.